Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Tó Kọjú Sí Mi

Ohun tó kọ́kọ́ ta mí lára ní Agége kì í ṣe ariwo, kì í ṣe eruku, kì í sì í ṣe iná tó ń lọ nígbà tó bá wù ú. Orúkọ tí wọ́n sọ mí ni. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń fi èdè Faransé kàwé, tí a sì ń fi Yorùbá jà, tí a fi ń ṣeré, tí a fi ń gbàdúrà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kí àwọn obìnrin tó wà nídìí kàǹga ilé tí mo wọ̀ sí pé "Ẹ káàárọ̀ o," wọ́n wo ara wọn, ọ̀kan sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o, Àgànyìn ń sọ Yorùbá!" Mo wọ yàrá lọ, mo bínú títí oúnjẹ fi kọ̀ mí. Ọba tó wà ní Kétu, ọmọ Odùduwà ni. Ta ni ń jẹ́ Àgànyìn?

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìlú lọ́wọ́ àwọn ológun nígbà náà. Gbogbo ẹnu ló ń sọ pé nǹkan yóò ṣẹnuure, ìdí tí èmi náà fi wá nìyẹn. Mo ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà, níbi tí a ti ń dúró láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí a ń to bisikíìtì sínú páálí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo ìkìlọ̀ tó wà lára ògiri. Èmi tí mo mọ̀wé ní Kétu, tí mo máa ń ka lẹ́tà fún àwọn ará àdúgbò, mo wá di ẹni tó ń bi ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ léèrè pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn. Búrẹ́dì Agége pàápàá, ìjà ni èmi pẹ̀lú rẹ̀. Ó rọ̀ jù fún mi. Búrẹ́dì tí mo jẹ dàgbà gùn gbọọrọ, ara rẹ̀ le, a sì máa ń fi í há abíyá bí a bá ń bọ̀ láti ọjà.

Bó bá jẹ́ pé ìlú òyìnbó ni mo lọ ni, ara mi ì bá ti gbà pé àlejò ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn odi tí wọ́n ti ń sọ èdè ìyá ẹni, ìyà rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n gbọ́ mi yé, mo gbọ́ wọn yé, síbẹ̀ n kò sí lára wọn. Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, kò fi ríran. Èmi ń fi tèmi ríran kedere, ohun tí mo ń rí ni kò dùn mọ́ mi. Lọ́jọ́ Àìkú, tí àwọn alájọgbé mi bá lọ kí ẹbí wọn, èmi nìkan ni mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí mo ń fọ aṣọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni Bàbá Tọ́pẹ́ ti rí mi. Ọmọ Ìjerò Èkìtì ni, akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Aláúsá. Òun nìkan ni kò pè mí ní Àgànyìn rí. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀. Àwọn ìdí yòókù tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé Tọ́pẹ́, ọmọ wa, jáde. Ojú ọgbẹ́ náà jiná, ó tún là. Dókítà wò ó, ó mi orí, ó ní n kò gbọdọ̀ so ohunkóhun mọ́ ikùn mi, n kò sì gbọdọ̀ pọn ọmọ, àfi bí òun bá ní ó yá. Mo bi í pé ìgbà wo nìyẹn. Ó ní kí n máa fi sùúrù ṣe é.

Màmá Ìjerò, ìyá ọkọ mi, ti wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí a ti bímọ. Wọn kò fìyà jẹ mí o, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Àwọn ni wọ́n ń wẹ ọmọ, àwọn ni wọ́n ń fi omi gbígbóná tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń se ẹ̀bà tó le tó ohun tí èèyàn lè fi ṣe bọ́ọ̀lù. Wọ́n mú ọ̀já òfì kan wá fún mi láti ilé, pupa ni, ó ti ṣá, ṣùgbọ́n ó ṣì nípọn. "Òun ni mo fi pọn ọkọ rẹ," ni wọ́n wí. "Òun ni mo fi pọn gbogbo ọmọ mi." Mo dúpẹ́, mo ká a sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń wò ó lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń wo oúnjẹ tí wọ́n ní kó má jẹ.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Obìnrin kan wà lẹ́bàá géètì ilé iṣẹ́ wa, Ìyá Rísí, tó ń bá àwa òṣìṣẹ́ tọ́jú ọmọ di ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ ni a máa ń fi rìn débẹ̀ láti ilé wa, a óò gba ojú irin kọjá, a óò gba ẹ̀gbẹ́ títì tí àwọn tírélà ń gbà. Gbogbo ìyá tó ń lọ síbẹ̀, wọ́n ń pọn ọmọ wọn lọ ni.

"Ìyàwó mi," ni Màmá wí, "báwo lo ṣe fẹ́ gbé e débẹ̀? Ṣé ọwọ́ lo fẹ́ fi gbé e ni, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́un dá? Ọmọ tí a kò pọ̀n kì í gbó. Jẹ́ kí n mú un lọ sí Ìjerò. Bí ara rẹ bá ti le, ẹ wá mú un."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ìfẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ẹ. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni èmi náà dàgbà sí, nítorí pé ara ìyá mi kò le nígbà tí wọ́n bí mi. Ọjọ́ tí ìyá mi wá mú mi, ẹ̀yìn ìyá àgbà ni mo sá sí, mo ń bi wọ́n pé ta ni obìnrin yìí. Ìyá mi kò gbàgbé ọjọ́ náà títí di òní, èmi náà kò gbàgbé. Mo sì mọ̀ pé nínú gbogbo ìlú tí wọ́n ti ń pè mí ní Àgànyìn yìí, ọmọ yìí nìkan ni ẹbí mi.

Mo wo Bàbá Tọ́pẹ́ pé kó sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ohun tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Aláúsá ni pé kí wọ́n máa sọ pé àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò fún odidi ìrọ̀lẹ́ kan. Nígbà tó la ẹnu, ó ní ìyàwó ọ̀gá òun kan ní kẹ̀kẹ́ ọmọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní pírámù, tí wọ́n ń tì káàkiri. Ó ní bóyá a lè wá ọ̀kan.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ẹ rà á. Bí ọmọ bá gbà á, màá dá lọ. Bí kò bá gbà á, ní Sátidé, èmi àti ọmọ la jọ ń lọ." Bàbá Tọ́pẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Òpèbí la kọ́kọ́ lọ, sí ṣọ́ọ̀bù kan tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ mú mi sín. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ gbé bèbí oníke kan sínú kẹ̀kẹ́, ó tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún àti tòsì, ó gbé ìjókòó náà sókè, ó yí i padà. Bèbí tó ti ń wo ojú ọ̀nà wá ń wo ojú mi. "Ó lè face front, ó sì lè face mummy," ló wí. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Bàbá Tọ́pẹ́ ti rí iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ti ń wo òrùlé. A kí ọmọbìnrin náà pé ó ṣeun, a jáde sínú ooru.

Dòpèmú la wá lọ, sọ́dọ̀ Alàájì kan, ará Ìjẹ̀bú, tó ń ta tòkunbọ̀: fíríìjì, áyọ́ọ̀nù, bàtà, kẹ̀kẹ́ ọmọ. "Mádàmù, òríjínà ni o! Ọmọ òyìnbó kan ṣoṣo ló jókòó sí i, òun náà ò sì wúwo," ni Alàájì ń wí. Bàbá Tọ́pẹ́ ti kọjú sí ọ̀kan tó tóbi, tí táyà rẹ̀ ki, tí ìjókòó rẹ̀ dúró gbọn-in sí ojú kan. Ó ń tẹ táyà náà bí ẹni fẹ́ ra ọkọ̀. Èmi rí òmíràn lábẹ́ àwọn àpótí, aláwọ̀ búlúù, oòrùn ti pa á lára. Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ méjèèjì. Ìjókòó náà dún kẹ̀ẹ̀, ó sì yí.

"Èyí ni mo fẹ́," ni mo wí.

"Wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́. Kí lo fẹ́ fi yíyí ṣe? Ọmọ ni o, kì í ṣe fáànù."

Alàájì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un níbẹ̀, láàárín fíríìjì àti bàtà. Èmi tí ilé mi wà níbì kan, tí ayé mi wà níbòmíràn, báwo ni mo ṣe fẹ́ ra ohun tó jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n wò? Mo kàn tún un sọ pé èyí ni mo fẹ́. Ó wo ojú mi, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá táyà, ó sì bá Alàájì ná an, ó sanwó.

Lọ́jọ́ kejì, kí n lè dán an wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé Tọ́pẹ́ sínú rẹ̀, mo sì kọ ojú rẹ̀ síwájú. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọmọ bá wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọ̀nà tí ìyá ń lọ lòun náà kọjú sí. Gbogbo ará ilé jáde wò mí, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì sọ pé bóyá kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tiẹ̀ ki àpò ẹ̀wà rẹ̀ bọ abẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ni, kí n bá òun gbé e dé iwájú. Mo gbé e.

A kò tíì dé ojú irin tí Tọ́pẹ́ fi figbe ta. Tírélà fọn fèrè, ó ké. Ọkùnrin tó ru ike pupa kọjá níwájú rẹ̀, ó ké. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bẹ̀ ẹ́, mo kọrin fún un láti ẹ̀yìn, ohùn mi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín ariwo yẹn. Ẹ sì mọ àwọn èèyàn wa, wọn kì í gbọ́ ẹkún ọmọ kí wọ́n dákẹ́.

"Ìyá ọmọ, gbé ọmọ ẹ pọ̀n jàre!"

"Kí ló ṣe ẹ̀yìn ẹ? Àbí òyìnbó ni ẹ́?"

"Ará Kùtọnù ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́hùn-ún nìyẹn."

Ní gbogbo ìgbà tí mo fi gbé Kétu, ojú mi kò rí kẹ̀kẹ́ ọmọ rí. Ì bá ti pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ mìíràn. Mo fi apá kan gbé ọmọ, mo fi ọwọ́ kejì wọ́ kẹ̀kẹ́ padà sílé, ojú ọgbẹ́ mi ń ta mí. Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbọ́ ẹkún náà láti òkèèrè. Wọn kò sọ pé "mo ti wí". Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi lómi mu, nígbà tó sì yá, mo rí wọn tí wọ́n ń ká aṣọ ọmọ sínú báàgì wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyẹn ló dùn mí ju èébú ojú títì lọ.

Mo lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń fi fóònù alágbèéká gba owó ìpè lábẹ́ agboòrùn, mo pe tíṣà tó ń gbé nítòsí ìyá mi ní Kétu. Mo dúró kí tíṣà lọ pe ìyá mi wá, mo sì tún pè. Mo gbọ́ mímí wọn kí n tó gbọ́ ohùn wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láìdánudúró: ọgbẹ́, kẹ̀kẹ́, Sátidé.

"Dúró ná," ni ìyá mi wí. "Bí ọmọ bá wà lẹ́yìn rẹ, kò rí ọ, àbí? Ṣùgbọ́n ó ń gbóòórùn rẹ. Ó ń gbọ́ bí o ṣe ń mí. Nínú ohun tí o gbé e sí yẹn, kí ló ń fi mọ̀ pé o wà níbẹ̀?"

Mo tẹ fóònù náà mọ́ etí mi sí i.

"Má jẹ́ kó lọ o," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì yí padà. "Ìwọ mọ ohun tó ṣe èmi àti ìwọ." Kí n tó dáhùn, owó inú fóònù ti tán. Mo dúró síbẹ̀ tí mo gbé e sétí títí olówó ìpè fi na ọwọ́ gbà á.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo tẹ bọ́tìnnì méjèèjì, mo yí ìjókòó náà sọ́dọ̀ ẹni tó ń tì í. Ọjọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Màmá jáde, wọ́n ti wọ bàtà. "Èmi ni màá tì í," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láìgbìyànjú." Wọ́n wo bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀, wọ́n pòṣé. Wọ́n wọlé, wọ́n mú ọ̀já òfì náà jáde. Wọ́n fi wé ọmọ láyà, wọ́n fa etí ọ̀já náà méjèèjì kọjá lẹ́yìn ìjókòó, wọ́n sì so ó mọ́ irin kẹ̀kẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọn ì bá ṣe so ó mọ́ àyà ara wọn. Ìjókòó náà kò lè yí síbì kankan mọ́. "Ọmọ kì í jáde láìsí ọ̀já," ni wọ́n wí.

Wọ́n ń tì í, èmi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tírélà fọn fèrè. Tọ́pẹ́ la ẹnu láti ké, ó wo ojú Màmá, Màmá yọ ahọ́n sí i, ó sì gbàgbé ẹkún náà. A dé ojú irin, àwọn fọganáísà tó wà níbẹ̀ bá wa gbé kẹ̀kẹ́ kọjá. Inú mi ti ń dùn, mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ni Màmá bá dúró lójú ọ̀nà. Àwọn èèyàn ń yà wá sílẹ̀ lọ. Mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n.

"Ìyàwó mi, ó ń wò mí," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Gbogbo ọmọ tí mo bí ni mo pọ̀n. Mo pọ̀n wọ́n lọ sóko, mo pọ̀n wọ́n lọ sódò. N kò mọ irú ojú tí wọ́n ń ṣe lọ́nà." Ọwọ́ wọn wà lórí ọ̀já náà. "Èyí tó tẹ̀lé ọkọ rẹ, ibà ń ṣe é, mo pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù. Ọ̀nà jìn. Ó dákẹ́, mo ní ẹ ṣeun, ó ti sùn. Mo ń rìn lọ, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́un pé ó ti sùn. Nọ́ọ̀sì ló bá mi tú ọ̀já."

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Mo ti ń sọ òwe náà láti kékeré, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹni tó pọn ọmọ náà lè má mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Mo di ọwọ́ Màmá mú. Ọkọ mi kò sọ ọ́ fún mi rí pé wọ́n bí ọmọ kan tẹ̀lé òun. Tọ́pẹ́ ń wò wá, ó ń jẹ ìka. Màmá nu ojú wọn, wọ́n ti kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ Ìyá Rísí, wọ́n sì kìlọ̀ fún un gidigidi pé kò gbọdọ̀ kọ ojú ọmọ sí ògiri.

Ní Sátidé, ẹrù tiwọn nìkan ni wọ́n dì. Aṣọ ọmọ ti padà sínú àpótí wa, n kò rí ìgbà tí wọ́n kó o padà. A sìn wọ́n dé gáréèjì, Bàbá Tọ́pẹ́ ru báàgì, èmi ti kẹ̀kẹ́. Nígbà tí Màmá ti jókòó sínú ọkọ̀, mo tú ọ̀já, mo yí ìjókòó náà síta kí ọmọ lè dágbére. "Tọ́pẹ́, wo Màmá. Màmá ń lọ."

Màmá wò ó láti ojú fèrèsé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú. Wọ́n ní kí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ṣí ọ̀nà fún àwọn. "Màmá, a ti ń lọ o!" ni dírẹ́bà ń pariwo. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ wá bọ́tìnnì náà títí wọ́n fi rí ibi tí wọ́n ń tẹ̀, wọ́n yí ọmọ padà sí mi, wọ́n gba ọ̀já lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn so ó.

"Má jẹ́ kó máa wo ẹ̀yìn ẹni tó ń lọ," ni wọ́n wí. "Ìwọ ni kó máa wò. Kí ìwọ náà máa wò ó."

Ọkọ̀ lọ. Ọ̀já náà kò bá wọn lọ. A gba ọ̀nà ilé, Bàbá Tọ́pẹ́ ń rìn níwájú, ó ń bá wa yẹ ihò ojú ọ̀nà wò. Bí a ṣe wọ àdúgbò, obìnrin kan nahùn pè mí láti ìdí kàǹga, "Àgànyìn, ṣé ìyá ọkọ ẹ ti lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti lọ, n kò sì gbójú sókè, torí pé Tọ́pẹ́ ń wò mí.